Ẹ má béèrè ìkórè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò tíì fún ní irúgbìn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí a ń fi sẹ́ẹ̀lì ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹ ṣàlàyé bí ìtọ́jú náà ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sì sọ bí ó ti wọ́n tó. Ohun tí ẹ kò mẹ́nu bà ni owó àkọ́kọ́ pàá, ìyẹn owó tí a ń fún olùwádìí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí kò tíì lórúkọ, ṣùgbọ́n tí èrò kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò. Lórí owó yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé mo ti tọrọ rẹ̀ rí, mo sì ti wà lára àwọn tí ń pín in.

Ẹni tí kò bá tíì wọ irú yàrá ìwádìí bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé ọgbọ́n orí nìkan ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. A ó fa ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn, a ó ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì T inú rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun ara, a ó sì fi fáírọ́ọ̀sì tí a ti gba agbára àìsàn lọ́wọ́ rẹ̀ gbé jíìnì tuntun wọ inú wọn, kí wọ́n lè máa fi àmì tí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó máa tọ́ wọn nínú abọ́ tàbí àpò oníke, nínú ẹ̀rọ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Bí wọ́n bá ti jí, tí a sì fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò wọ́n, a ó rí i pé wọ́n ti ṣù mọ́ra bí èso àjàrà. Omi pupa tí wọ́n wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ìyeyè, èyí tí ó fi hàn pé oúnjẹ wọn ti ń tán, ó sì di dandan kí ẹnì kan dìde lọ pààrọ̀ omi náà, ì báà jẹ́ òru ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan kò sì rí bíi ti ẹlòmíràn, nítorí náà ohun tí a bá rí nínú sẹ́ẹ̀lì ẹnì kan kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ àyàfi tí a bá tún un ṣe nínú ti ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Fáírọ́ọ̀sì náà wọ́n, èròjà tí ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà wọ́n, àwọn eku tí a bí láìsí ọmọ ogun ara, tí a ó gbin jẹjẹrẹ ènìyàn sí lára, kì í ṣe ohun tí a ń rà ní ọ̀pọ̀. Kí olùwádìí tó ní àwòrán kan ṣoṣo tí ó lè fi han ìgbìmọ̀, owó ńlá ti lọ.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú owó tí a ń pè ní irúgbìn ni ó ní kí ẹni tí ń tọrọ rẹ̀ kọ́kọ́ kó èsì àkọ́kọ́ wá, ìyẹn èsì ìdánwò tí ó ti ṣe kí ó tó rí owó gbà. Ta ni yóò ní irú èsì bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá fi owó tirẹ̀ ṣe é fún ni, èrò ọ̀gá náà ni yóò sì máa tẹ̀ lé. Ẹni tí èrò tirẹ̀ bá yà kúrò lójú ọ̀nà ọ̀gá, ọwọ́ òfo ni yóò gbé dé iwájú wa.

Bí wọ́n bá ti fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kì bá tí dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kankan. Ní ọdún 1989, Zelig Eshhar àti Gideon Gross, ní ilé ìwádìí Weizmann ní Ísírẹ́lì, fi hàn pé a lè so ohun tí ń dá ọ̀tá mọ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì T. Àwọn àkọ́kọ́ tí a ṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú lára aláìsàn, àfìgbà tí àwọn olùwádìí mìíràn fi àṣẹ kejì kún un, èyí tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì náà pé kí ó dúró kí ó sì máa bí sí i. Oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí àkọ́kọ́ nínú wọn gẹ́gẹ́ bí oògùn, ọdún 28 lẹ́yìn iṣẹ́ Eshhar àti Gross.

Nígbà tí Carl June àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn àgbàlagbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá fínra ní 2010, aláìsàn mẹ́ta péré ni owó wọn ká. Àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, Alliance for Cancer Gene Therapy, wà lára àwọn tí ó ti ràn wọ́n lọ́wọ́. Méjì nínú àwọn mẹ́ta náà bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ náà pátápátá, ní 2022 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé sẹ́ẹ̀lì tí a fún wọn ṣì wà lára wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹni mẹ́ta! Mo mọ ohun tí àwa olùyẹ̀wò máa ń kọ sí etí ìwé tí ó bá mú ẹni mẹ́ta wá: iye wọn kéré jù. June kì í sì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ nígbà náà o.

Ní 2012, wọ́n fún ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan ní sẹ́ẹ̀lì yìí, òun sì ni ọmọdé àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ibà gbé e dé bèbè ikú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé èròjà kan tí a ń pè ní IL-6 ti ga kọjá ààlà, June sì rántí oògùn làkúrègbé kan tí ń dènà èròjà náà, èyí tí ó mọ̀ nítorí àìsàn ọmọ tirẹ̀. Wọ́n fún ọmọ náà ní oògùn yìí, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Kò sí ìwé ìtọrọ owó kankan tí ó kọ ìyẹn sílẹ̀ ṣáájú.

Iṣẹ́ tí ó kù pọ̀ ju èyí tí a ti ṣe lọ. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì T tí a ti fọwọ́ sí wà fún. Ní ti èyí tí ó di kókó sínú ẹran ara, ọdún 2024 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí méjì: ọ̀kan fún jẹjẹrẹ awọ ara tí a ń pè ní melanoma, èkejì fún irú kan tí kò wọ́pọ̀, tí a ń pè ní synovial sarcoma. Sẹ́ẹ̀lì T kì í tètè ráyè wọ inú kókó. Bí ó bá sì wọlé, àárẹ̀ a mú un. Àmì tí ó ń wá kiri sì lè wà lára ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọkàn tí kò ṣẹ̀. Ó pẹ́ tí àwa àgbà ti ń ju òkò kan náà sí ìṣòro yìí.

Mo jẹ́wọ́ pé mo ti ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ń sọ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìwé ọ̀dọ́bìnrin kan dé iwájú mi, tí ó fẹ́ mọ ìdí tí sẹ́ẹ̀lì T fi ń rẹ̀ nínú kókó tí atẹ́gùn kò dé dáadáa. Ìbéèrè rẹ̀ mọ́ gaara, ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà dán an wò sì mọ́gbọ́n wá. Máàkì kékeré ni mo fún un, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èsì àkọ́kọ́ rẹ̀ kò tó. Kò rí owó náà gbà. Èsì tí mo ní kò tó yẹn gan-an ni ohun tí ó torí rẹ̀ wá tọrọ owó.

Àwọn kan ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Àjọ NIH ti ìjọba Amẹ́ríkà, èyí tí ń fi owó ran ìwádìí ìlera lọ́wọ́, tí ó ka olùwádìí sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn oyè tí ó gbà kẹ́yìn, dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ Stephen Katz fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà tuntun, ó sì fi òfin de èsì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀: ìwé tí ó bá ní in, wọn kò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Owó wọn mìíràn, tí a mọ̀ sí R21, tí ó tó 275,000 dọ́là fún ọdún méjì, kò sọ èsì àkọ́kọ́ di dandan, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn olùyẹ̀wò tí ń fojú wá a síbẹ̀síbẹ̀, nítorí pé àṣà ti wọra. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé òfin tí ó kà á léèwọ̀ sàn ju èyí tí ó kàn ní kò pọn dandan.

Owó ọdún kan ṣoṣo kò tún yanjú ọ̀rọ̀. Kí a tó gba ìyọ̀ǹda láti lo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, kí fáírọ́ọ̀sì tó dé, kí eku tó dàgbà tó, ọdún náà ti ń lọ sópin.

Bí ìgbìmọ̀ kan bá ń kọ ìkéde tuntun lọ́wọ́, ìlà kan péré ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ kúrò, èyí tí ó ní kí olùtọrọ so èsì àkọ́kọ́ mọ́ ìwé rẹ̀. Kí wọ́n fi èyí rọ́pò rẹ̀: kí ó sọ fún wa, irú èsì wo ni yóò mú kí ó gbà pé èrò òun kò tọ̀nà?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùwádìí kan tí ń ka ìwé ìròyìn yín