Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a fi pààrọ̀ kọ́ntíróòlù ẹ̀rọ mílíìnì wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú sùúrù, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí ẹ̀rọ mílíìnì ńlá, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin sí ìwọ̀n, ti dákẹ́, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà fà gùn. Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ padà báyìí. Púpọ̀ nínú yín ló bi wá pé kí ló dé tí a ò kúkú tà á fún àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù kí a ra òmíràn. Ó yẹ ká dáhùn yékéyéké, torí iṣẹ́ yín ló ń gun orí ẹ̀.

Ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí bíi tiwa yìí, irin ni apá kan rẹ̀: ara rẹ̀, tábìlì tí a ń de iṣẹ́ mọ́, sípíńdù tó ń yí kọ́tà (ọ̀bẹ tó ń gé irin), àti àwọn sukúrúù gígùn tó ń ti tábìlì síwá sẹ́yìn. Apá kejì ni kọ́ntíróòlù, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ka nọ́ńbà, tó ń sọ fún mọ́tò pé kó lọ dé ibí, kó dúró sọ́hùn-ún. Irin tiwa yìí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Irin dídà tó nípọn ni, kì í gbọ̀n bí kọ́tà bá tilẹ̀ ń jẹ irin líle. Kí a tó pinnu ohunkóhun, a gbé gééjì, ohun ìwọ̀n wa, tì í. A ti tábìlì lọ, a dá a padà, a wo àlàfo tó wà níbi tí sukúrúù ti ń yí ojú padà: kò ju 0.03 mìlímítà lọ. Irun orí nípọn ju ìyẹn lọ. Irú irin báyìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù.

Kọ́ntíróòlù ló gbó. Kápásítọ̀ inú rẹ̀ ti gbẹ, ojú ìwòran rẹ̀ ti ṣú, bọ́ọ̀dù iná tí a lè fi rọ́pò tinú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́ àfi àlòkù tí òun náà ti dàgbà tó tiwa. Èyí tó burú jù ni ti bátìrì. Púpọ̀ nínú àwọn kọ́ntíróòlù ayé ìgbà yẹn, bátìrì ló ń bá wọn rántí nǹkan: ibi tí tábìlì gbọ́dọ̀ lọ mọ, bí mọ́tò ṣe gbọ́dọ̀ yára tó, àtúnṣe tí sukúrúù kọ̀ọ̀kan nílò. Bí bátìrì bá kú nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa, gbogbo rẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yẹn sínú ìwé lónìí, kí ẹ sì jẹ́ kí iná wà lára ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ bátìrì.

LinuxCNC, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń darí irú ẹ̀rọ yìí, ni a fi rọ́pò rẹ̀. NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí inú rẹ̀ wò. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ nìyẹn: kò sí ẹni tó máa kógbá wọlé lọ́la tí ẹ̀rọ wa á fi kú mọ́ wa lọ́wọ́. Mọ́tò wa àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, bọ́rọ́ọ̀ṣì wọn nìkan la pààrọ̀. Àwọn gíláàsì ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, tó ń fi ibi tó dé hàn, náà ṣì wà. Kọ̀ǹpútà ń ka gíláàsì yẹn ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń fi ibi tí tábìlì wà wé ibi tó yẹ kó wà. Bí ìyàtọ̀ bá ti kọjá ohun tí a fàyè gbà, gbogbo rẹ̀ á dúró kí kọ́tà tó ba iṣẹ́ yín jẹ́.

Bọ́tìnnì pupa tí ẹ máa ń rí níwájú ẹ̀rọ, a ò fi í sábẹ́ kọ̀ǹpútà. Wáyà gan-an ló ń gé iná mọ́tò. Kọ̀ǹpútà lè há, ọwọ́ ọmọṣẹ́ kò gbọdọ̀ há.

Ọ̀nà tí a fi dán an wò ni pé a gé òbìrìkìtì sára alumíníọ̀mù. Ojú mẹ́rin ló wà lára òbìrìkìtì tí ìrìn tábìlì, yálà ti síwá sẹ́yìn tàbí ti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ti gbọ́dọ̀ dúró kó sì yí padà. Bí àtúntò mọ́tò kò bá pé, ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ló máa fi hàn. Níbẹ̀rẹ̀, èékánná ń kọ́ níbẹ̀. A tún un ṣe títí èékánná fi ń yọ̀ kọjá. Àwo alumíníọ̀mù náà wà lórí tábìlì ìkọ̀wé mi, ẹ wá fọwọ́ kàn án.

Ohun tó yí padà fún yín: tẹ́lẹ̀, a máa ń jókòó ti ẹ̀rọ tẹ nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Báyìí ẹ lè fi àwòrán iṣẹ́ ránṣẹ́ ní irú fáìlì àwòrán kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní DXF tàbí STEP, kódà lórí fìláàṣì. Iṣẹ́ tí a bá ti ṣe lẹ́ẹ̀kan wà nípamọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ jíà ẹ̀rọ ìfúntí epo kan náà, a ò ní bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, UPS á gbé kọ̀ǹpútà dúró kó má baà gbàgbé ibi tó dé. Tábìlì kò tóbi sí i, sípíńdù kò yára sí i, ọwọ́ la ṣì fi ń pààrọ̀ kọ́tà. Owó iṣẹ́ kò sì lé torí èyí.

Iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ ṣe, bí wọ́n ṣe tò wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú jíà tàbí ẹnu ìlẹ̀mọ́ ẹ̀rọ píọ́ wọ́tà tó kán wá, gbogbo ègé rẹ̀ ni kí ẹ kó wá, ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà jó o pọ̀ kí a tó rí i. Iná wẹ́dà máa ń fà á tẹ̀, a ò sì ní lè wọ̀n ọ́n dáadáa mọ́.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú gbogbo ọmọṣẹ́