Ta ni abúlé Asmat jìnnà sí?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn ará Asmat ní Papua, ní ìkángun Indonéṣíà lọ́hùn-ún. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ ọ́n kọ, mi ò jiyàn. Àmọ́ ibi tó ti ní ọ̀làjú kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, tó sì ń gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó gbogbo wọn kúrò nínú irà lọ sí ìgboro, ibẹ̀ ni mo ti bọ́ awò ojú mi sílẹ̀.

Mi ò dé Papua rí o. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọdún 19 ni mo fi ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára wọ ọkọ̀ ojú omi káàkiri àwọn abúlé Ìlàjẹ, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó igi, tí ọmọdé sì ń mọ àjẹ̀ í wà kó tó mọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka ohunkóhun tí mo bá rí nípa Asmat láti ọdún 2018, nígbà tí ìròyìn ikú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wọn gba ayé kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, torí àpilẹ̀kọ yín sáré kọjá lórí rẹ̀. Irà ni gbogbo rẹ̀, ẹrẹ̀ tí omi òkun ń kún bò tó sì tún ń fà kúrò lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Òkúta ò sí níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ńṣe ni wọ́n ń fi nǹkan pààrọ̀ òkúta àáké lọ́wọ́ àwọn ará òkè. Agats tí í ṣe olú ìlú wọn, orí pákó ni wọ́n kọ́ ọ sí, títí kan títì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọnkéré rọ́pò pákó náà. Ọ̀kadà oníbátìrì ni wọ́n ń gùn lórí rẹ̀. Ẹ wo àwọn tí ọ̀làjú ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn! Omi odò ibẹ̀ kò ṣeé mu, ẹrẹ̀ ni, iyọ̀ ni, nítorí náà omi òjò ni wọ́n gbójú lé. Bí òjò bá dá, wàhálà dé.

Ságò ni oúnjẹ wọn. Igi kan tó jọ ọ̀pẹ ni. Wọ́n á gé e lulẹ̀, wọ́n á la èèpo rẹ̀, wọ́n á gún inú rẹ̀ títí yóò fi kúnná, wọ́n á wá fi omi sẹ́ ẹ. Ohun funfun tó bá silẹ̀ nísàlẹ̀ omi ni wọ́n ń sun jẹ. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì àgbàdo rí á mọ irú làálàá tí mò ń wí. Wọ́n tún máa ń fi lára igi náà sílẹ̀ nínú igbó kí kòkòrò lè yín sí i, kí wọ́n padà wá kó ìdin rẹ̀ nígbà tó bá sanra. Oníṣẹ́ ìròyìn yín pe ìyẹn ní ohun ìríra. Ẹ bá mi bi í bóyá kò jẹ ìtun, ìdin inú igi ọ̀pẹ tiwa, rí. Ẹbí kan náà ni kòkòrò méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ní Ìlàjẹ níbí, ẹni tó bá fi ìtun díndín sílẹ̀ lọ pọnmi, àwo òfìfo ni yóò bá. Ságò ní agbára nínú, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ọmọ dàgbà kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Ìdin yẹn àti ẹja ló ń bá wọn dí àlàfo náà.

Igbó ságò kì í sábà wà lẹ́yìnkùlé. Tọkọtaya á kó ọmọ sínú ọkọ̀, wọ́n á lọ pàgọ́ sínú igbó, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá wá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé, ajá àti arúgbó ni yóò bá nílé.

Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí á ní kí ó padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Bẹntiróòlù ńkọ́? Abẹ́rẹ́ èéyi kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú òtútù. Ìgò kan sábà máa ń jẹ́ ti ọmọ mẹ́wàá, bí a bá sì ti po ó, wákàtí mẹ́fà péré ló ní, ìyókù dídànù ni. Mo dé abúlé kan nígbà kan, ọmọ méjì péré ni wọ́n gbé wá. Mi ò ṣí ìgò. Mo ní kí àwọn ìyá wọn dúró dìgbà tí mo bá tún wá, kí ti ọmọ mẹ́jọ má baà ṣòfò. Èéyi mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kí n tó padà dé. Ó yè. Ọlọ́run ló yọ mí.

Ní Asmat, ọ̀pọ̀ ni kò yè. Láti ìparí ọdún 2017 wọ oṣù kìíní ọdún 2018, ọmọ tó lé ní 70 ló kú, èéyi pa èyí tó pọ̀ jù, àìjẹunrekánú pa àwọn mìíràn. Bí méjèèjì bá pàdé lára ọmọ, èéyi á gba ìwọ̀nba ẹran tó kù lára rẹ̀. Ọdún 1963 ni abẹ́rẹ́ èéyi jáde láyé. Ọdún yẹn kan náà ni Indonéṣíà gba ìṣàkóso Papua. Ẹ bá mi ka iye ọdún tó wà láàárín rẹ̀ sí 2018.

Ìjọba rán dókítà ológun lọ. Joko Widodo, tó jẹ́ Ààrẹ Indonéṣíà nígbà náà, mú àbá kan wá, pé kí wọ́n kó àwọn ará abúlé sún mọ́ ìlú. Elisa Kambu, alákòóso àgbègbè Asmat nígbà náà, kò gbà. Mo gbè é lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Zaadit Taqwa, fọn fèrè sí Ààrẹ ní Yunifásítì Indonéṣíà, ó sì na ìwé sókè sí i bí rẹfirí ṣe ń na yẹ́lò káàdì. Ààrẹ fèsì pé bóyá kí òun rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Asmat, kí wọ́n lọ fojú ara wọn rí i bó ṣe nira tó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè débẹ̀, kí ló dé tí kúlà ò dé ibẹ̀ ṣáájú wọn?

Gbogbo ìwé ló ń pe ibẹ̀ ní ibi tó jìnnà. Jìnnà sí ta? Timika ni èrò Agats ti sábà máa ń wọ bàlúù kékeré, ìlú tí wúrà àti bàbà tí wọ́n ń wà ní ibi ìwakùsà Grasberg sọ di ńlá. Freeport, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ìwakùsà níbẹ̀ ní 1967, ọdún méjì kí wọ́n tó ṣa èèyàn tó lé díẹ̀ ní 1,000 jọ pé kí wọ́n wá bá gbogbo Papua sọ bóyá wọ́n fẹ́ wà lábẹ́ Indonéṣíà. Orí òkè tó ga tó 4,000 mítà ni wúrà náà wà. Títì dé ibẹ̀. Iná dé ibẹ̀.

Bí wọ́n bá bi èmi, n ò ní ní kí wọ́n kó ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Kí nọ́ọ̀sì bá wọn lọ sí àgọ́ ságò ni, kí wọ́n fún un ní bẹntiróòlù àti ilé tí kò jò, kí wọ́n sì má fìyà jẹ ẹ́ bó bá ṣí ìgò nítorí ọmọ kan ṣoṣo.

Ó ku kékeré kan. Àwòrán tí ẹ fi síwájú àpilẹ̀kọ náà, ọkùnrin tó wọ akèrègbè sí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀, ará Asmat kọ́ nìyẹn. Àwọn ará òkè bíi Dani ti àfonífojì Baliem ló ń wọ ọ́, níbi tí òtútù ti ń mú, tí kúkúǹdùkú sì jẹ́ oúnjẹ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì afẹ̀yìntì kan,
Ìgbọ́kọ̀dá, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.