Ẹ tú dọ́bù sítáǹdì sílẹ̀ kí ẹ tó nà án

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí nípa bí a ṣe ń sọ alùpùpù àtijọ́ di ọ̀tun, inú mi sì dùn sí ọ̀pọ̀ ohun tí òǹkọ̀wé náà sọ nípa ẹ́ńjìnnì àti iná. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan dọ́bù sítáǹdì, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń gbé alùpùpù dúró ṣánṣán láti abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ní bí ó bá ti wọ́, kí á ki páìpù gígùn bọ ẹsẹ̀ tó wọ́ náà, kí á sì fi tipátipá fà á padà sí ipò rẹ̀ lára alùpùpù níbẹ̀. Mo kọ lẹ́tà yìí láti sọ pé ìmọ̀ràn náà léwu fún fírémù, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo alùpùpù ró, àti pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni na sítáǹdì láìkọ́kọ́ tú u sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí agbára náà ń lọ. Etí irin méjì wà lábẹ́ fírémù, bóòtì tàbí ọ̀pá kan gba inú wọn kọjá, orí rẹ̀ sì ni sítáǹdì ti ń yí wá yí lọ. Bí a bá fi páìpù gígùn fa ẹsẹ̀ sítáǹdì, agbára ọwọ́ wa yóò ti di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ kó tó dé orí bóòtì náà, irin tí kò bá lágbára tó nínú gbogbo wọn ni yóò sì kọ́kọ́ tẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù tó ti lé ní ọdún 40, etí fírémù lè jẹ́ irin náà, nítorí pé ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ihò rẹ̀ lè fẹ̀, tàbí kí ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o mọ́ fírémù sán lábẹ́ ọ̀dà, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i. A lè rọ sítáǹdì mìíràn tàbí ká ra àlòkù, ṣùgbọ́n ara fírémù ni nọ́ńbà alùpùpù wà, nọ́ńbà yẹn náà ló sì wà nínú ìwé rẹ̀; a kì í pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹni pààrọ̀ táyà.

Ohun kejì tí àpilẹ̀kọ náà fò dá ni pé kì í ṣe gbogbo sítáǹdì tó dà bí ẹni pé ó wọ́ ló wọ́ lóòótọ́. Bí a bá gbé alùpùpù lé sítáǹdì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró ní òòró gangan; ó máa ń kọjá síwájú díẹ̀ kí ìdènà kékeré kan tó gbá fírémù, kí ìwọ̀n alùpùpù fúnra rẹ̀ lè máa tì í mọ́ ibẹ̀. Bó ṣe ń gbá fírémù, ìdènà yìí máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti jẹ, sítáǹdì yóò máa lọ síwájú jù, alùpùpù yóò rẹlẹ̀, táyà ẹ̀yìn tó yẹ kó kúrò nílẹ̀ yóò máa kan ilẹ̀, ẹni tó ni ín yóò sì rò pé ẹsẹ̀ ló tẹ̀. Irú èyí kò nílò òòlù rárá: kí wẹ́dà jó irin díẹ̀ mọ́ ojú ìdènà náà, kí á sì máa fi fáìlì rẹ́ ẹ títí alùpùpù yóò fi dúró bó ṣe yẹ. Ìgbà tí alùpùpù bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni ká tó fura sí ẹsẹ̀ kan, ó sì sábà máa ń jẹ́ ti ìhà tí kíkì wà. Bí sítáǹdì bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, búṣì (òrùka irin tí bóòtì gba inú rẹ̀ kọjá) tàbí bóòtì rẹ̀ ló ti jẹ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, sítáǹdì kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn náà. Ẹni tó kọ́kọ́ ni alùpùpù ló fi ṣọ́kù tó gùn ju ti àtilẹ̀bá lọ sẹ́yìn, tàbí táyà tó ga jù.

Títú sítáǹdì kò le, àfi sípíríǹgì rẹ̀ nìkan. Ẹ gbé abẹ́ ẹ́ńjìnnì lé àpótí tó lágbára, ẹ so alùpùpù náà kó má baà ṣubú, kí ẹ wá yí sítáǹdì dé ibi tí sípíríǹgì ti nà jù. Bí ẹ bá ki wáṣà pẹlẹbẹ tàbí owó ẹyọ sáàárín àwọn ìlọ́po rẹ̀ níbẹ̀, tí ẹ sì yí sítáǹdì padà, sípíríǹgì náà kò ní lè sún kì mọ́, yóò sì bọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ní pílásì lòun máa fi fà á yọ, kó wọ awò ojú o.

Lórí tábìlì ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ ki ọ̀pá títọ́ kan bọ ihò bóòtì méjèèjì. Bí kò bá gba inú wọn já, etí sítáǹdì fúnra rẹ̀ ló lọ́, ibẹ̀ sì ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá já, ẹ wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì láti orí ọ̀pá náà dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wọn ìdábùú láti etí ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì àti láti etí òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, nítorí ojú lásán máa ń tanni. Páìpù tó tẹ̀ díẹ̀ ṣeé fi fáìsì (irin tó ń di nǹkan mú lórí tábìlì) àti jáàkì tì padà ní tútù, díẹ̀díẹ̀, ká máa wọ̀n ọ́n bí a ti ń tì í. Èyí tó tẹ̀ púpọ̀ nílò iná, ibí yìí sì ni alágbẹ̀dẹ ti máa ń mọ̀ ju àwa yòókù lọ. Irin tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di aláwọ̀ aró, ní nǹkan bí ìwọ̀n 200 sí 300 Sẹ́líṣíọ̀sì, máa ń tètè sán ju irin tútù lọ, ẹni tó bá sì lù ú nígbà náà ń wá wàhálà. Ẹ jẹ́ kó pọ́n yòò, ní nǹkan bí 700 sí 800, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ láìrì í bọmi. Bí kúróòmù tàbí síǹkì bá bò ó, ẹ kọ́kọ́ rẹ́ ẹ kúrò, nítorí májèlé ni èéfín rẹ̀. Sítáǹdì tí wọ́n fi irin yíyọ́ dà, tí ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki tí ilà ìdà sì hàn lára rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń nà nílé.

Bó bá jẹ́ pé etí fírémù ló nílò jíjó, ẹ yọ bátìrì àti táǹkì epo kúrò, kí wẹ́dà sì so wáyà ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tòsí ibi tó ń jó, kí iná mànàmáná má baà gba inú bíárìn kọjá.

Àwọn kan máa ń jó irin nípọn mọ́ sítáǹdì kó má baà tẹ̀ mọ́. N kò fara mọ́ ọn, nítorí sítáǹdì tí kò lè tẹ̀ yóò gbé ìyà náà fún fírémù ni. Ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ló yẹ ká mú kúrò. Alùpùpù àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 650 cc sábà máa ń wọn nǹkan bí 180 kìlógíráàmù, ìyẹn nìkan sì ni wọ́n ní kí sítáǹdì gbé. Ẹni tó bá jókòó sórí alùpùpù nígbà tó wà lórí sítáǹdì, tó ń ta kíkì, ti fi ìwọ̀n ara rẹ̀ kún un, ẹsẹ̀ sítáǹdì kan ló sì ń gba gbogbo ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá àwọn ṣe máa ń ta á. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni sítáǹdì bàbá wọn ṣe wọ́.

Mo bẹ Olóòtú kí ẹ tẹ àtúnṣe sí ìmọ̀ràn páìpù gígùn yẹn, kí ó sì hàn ketekete, nítorí mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan máa ń gé irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri ibi iṣẹ́ wọn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé tó ń tún alùpùpù àtijọ́ ṣe