Nọ́ńbà ara páálí géèmù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ-ọmọ mi. Àbúrò bàbá rẹ̀ fi géèmù ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo rí 18 lára páálí rẹ̀, mo ṣe bí iye géèmù inú rẹ̀ ni. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ìró ìbọn ní pálọ̀!

Àṣé ọjọ́ orí tó yẹ kéèyàn ti pé kó tó fi géèmù náà ṣeré ni. Láti 2003 ni àjọ PEGI ti ń fi 3, 7, 12, 16 tàbí 18 sí géèmù nílẹ̀ Yúróòpù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wò ó.

Nọ́ńbà yẹn kò sọ bí géèmù ṣe le tó o. FIFA 23 tá a fi pààrọ̀ rẹ̀, 3 ló ní, síbẹ̀ ọmọ yìí ju góòlù mẹ́rin sáwọ̀n mi lánàá.

Ìyá àgbà kan,
Bódìjà, Ìbàdàn