Fọ́tò ahoro: ẹ má fi ohun kéékèèké sílẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa mọ́tò la aṣálẹ̀ kọjá ń fi fọ́tò ahoro ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n òkèèrè ni wọ́n ti ń yà á: yanrìn, ojú ọ̀run, ilé kan láàárín. Ẹni tó bá rí ọ̀kan ti rí gbogbo wọn. Ìṣó tó dípẹtà, ihò kọ́kọ́rọ́, ọ̀dà tó ń ṣí lára fèrèsé, àwọn yìí ló ń jẹ́ ká mọ irú ẹni tó gbé ibẹ̀ rí.

Ẹ wo Kolmanskop ní Nàmíbíà. Dáyámọ́ńdì tí wọ́n rí lọ́dún 1908 ló dá ìlú náà sílẹ̀; nígbà tó fi máa di 1956, kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀ mọ́, yanrìn sì ti wọnú yàrá. Tí ẹ bá dé irú ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ ya gbogbo yàrá, kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ wọlé. Ipasẹ̀ tó bá ti hàn lórí yanrìn kò ṣeé pa rẹ́. Tí ẹ bá fọwọ́ gbá a, ojú ibẹ̀ á tún burú sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sídìí ohun kékeré.

Ohun kékeré ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá: láàárọ̀ kùtù, tàbí nígbà tí oòrùn bá ń lọ wọ̀. Lọ́sàn-án gangan, igi tó sán àti irin tó dípẹtà á rí pẹlẹbẹ. Ẹ gbé kámẹ́rà ka ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí 100, kí ẹ sì fi ojú lẹ́ǹsì sí f/11; bí nọ́ńbà f bá ṣe ń tóbi sí i ni ojú náà ń kéré sí i. Bí lẹ́ǹsì bá ṣe ń sún mọ́ nǹkan ni ibi tó ń hàn kedere ń dín kù; ní f/2.8, tí ojú lẹ́ǹsì là gan-an, orí ìṣó á hàn, igi tó gún á ṣú bàìbàì. Ẹ ṣètò kámẹ́rà kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó yà, kí ọwọ́ má baà mì ín. Tí ẹ bá ń na ẹsẹ̀ mẹ́ta náà, apá ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ fà jáde, kí ibi tí wọ́n ti ń dè é lè jìnnà sí yanrìn.

Yanrìn ló ń ba kámẹ́rà jẹ́ jù. Inú mọ́tò ni kí ẹ ti pààrọ̀ lẹ́ǹsì, kí ẹ ti gíláàsì, kí ẹ sì pa fáànù. Eruku tó bá bà lé sensor, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, á hàn bí àmì dúdú lójú ọ̀run, pàápàá ní f/16. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ. Tí ẹ bá fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi aṣọ nu lẹ́ǹsì tí yanrìn ṣì wà lójú rẹ̀, á ha á.

Ohun tó wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbi tí ẹ bá a. Ìgò tí wọ́n gbé wá síwájú fèrèsé kí fọ́tò lè dùn ún wò, irọ́ ni.

Kò dìgbà tí ẹ bá dé aṣálẹ̀. Ilé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wá, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí, amọ̀ ni wọ́n fi mọ púpọ̀ nínú wọn. Tí òrùlé bá ti ṣí, òjò á máa wọnú ògiri títí tí á fi wó. Ọnà ara fèrèsé àti òpó wọn ò ní dúró dè wá. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹbí tó ni ilé, ẹ má sì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí igi rẹ̀ ti jẹrà.

Olóòtú, a bẹ̀ yín, níbi tí ẹ bá ti tẹ fọ́tò ahoro kan, ẹ fi ti ohun kékeré kan tì í, kí ẹ kọ orúkọ àdúgbò àti ọjọ́ tí wọ́n yà á sábẹ́ rẹ̀.

Àwa òǹkàwé yín, Àjàṣẹ́.