Láwàní Tó Pe Ikú Wọlé

Agbo-ilé wa,
Òkèlélé, Ìlọrin.

Àjíkẹ́ mi,

Àsàlámù àlékùn. Orí kẹta, ìkarùn-ún àti ìkejìlá ìtàn rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Fámpáyà inú rẹ̀ dáa. Ó ń dẹ́rù bani bó ṣe yẹ kí òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ dẹ́rù bani, n ò ní fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ Láwàní ahunṣọ tó ń ṣílẹ̀kùn fún un ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ní ojú rẹ̀ pọ́n, o ní ẹ̀rín rẹ̀ dà bíi ti ìkookò, o pè é ní ọ̀dàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú orí kan ṣoṣo. Nígbà tó wá kú ní orí ìkejìlá, o fẹ́ ká sunkún. Ta la fẹ́ sunkún fún? A ò tíì rí i.

Lọ tún Renfield wò, nínú Dracula tí Bram Stoker tẹ̀ jáde lọ́dún 1897. Ìránṣẹ́ fámpáyà lòun náà, ẹni ọdún 59 tí wọ́n tì mọ́ ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ tí Dókítà Seward ń bójú tó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣúgà ló fi ń tan eṣinṣin. Ó ń fi eṣinṣin bọ́ aláǹtakùn, ó ń fi aláǹtakùn bọ́ ológoṣẹ́. Nígbà tí ológoṣẹ́ pọ̀ tán, ó bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ológbò. Wọn ò fún un. Ó jẹ àwọn ẹyẹ náà ní tútù, ó sì bì wọ́n tìyẹ́tìyẹ́. Ó ní ìwé kékeré kan, ìṣirò ló kún inú rẹ̀: ó ń ro iye pọ̀, ó tún ń kó àròpọ̀ náà jọ, ó ń rò ó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà àti ìwé ìrántí ni ìtàn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkèdélẹ̀. Harker agbẹjọ́rò ń kọ, Mina ìyàwó rẹ̀ ń kọ, Seward ń sọ tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ti Renfield, ẹnu dókítà tó tì í mọ́lé la ti ń gbọ́ ọ.

Ibi tó wọni lára jù ni ọjọ́ tí Mina ní òun fẹ́ rí i. Ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀, kí òun tún yàrá ṣe. Báwo ló ṣe tún un ṣe? Gbogbo eṣinṣin àti aláǹtakùn tó wà nínú àpótí ló gbé mì. Ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó dorí kodò, àmọ́ ó gbé ìpéǹpéjú sókè kó lè rí obìnrin náà bó ṣe ń wọlé. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ló bá a sọ. Nígbà tó ń dágbére fún un, àdúrà tó gbà ni pé kí òun má fojú kàn án mọ́ láé, nítorí ó mọ ohun tó ń bọ̀. Ṣé o rí i pé Stoker ò bẹ̀ wá kí àánú ṣe wá? Ẹni tójú ń tì ló fi hàn wá, tó ń palẹ̀ mọ́ de àlejò lọ́nà kan ṣoṣo tó mọ̀.

Láwàní náà nílò irú ìyẹn. Ahunṣọ òfì ni. Fún un ní ojú tó ń ṣú. Má jẹ́ kó fọ́ lójijì. Ẹtù ni kó kọ́kọ́ kọ̀ láti hun, nítorí òwú ẹtù dúdú, bí oòrùn bá sì ti rọ̀ lẹ́yìn ìrun Alásàrì, kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Aṣọ yẹn ò ju bí íǹṣì mẹ́rin lọ ní ìbú, kò síbi tí àṣìṣe lè sá sí. Bí òwú bá já, jẹ́ ká rí i tó ń fi ọwọ́ wá a, tó ń fi ètè kàn án kó tó mọ̀ pé òun ti bá a. Jẹ́ kó dá oníbàárà padà, kó purọ́ pé òun ò ráyè. Ojú ewé méjì ni kí o fún gbogbo èyí, ní orí kejì, kó tó ṣe ohun búburú kankan. Má sì gbàgbé òkúta. O mọ̀ pé òkúta ni wọ́n ń gbé lé òwú gígùn tó nà síwájú ahunṣọ kó má bàa dẹ̀, àti pé bó ṣe ń hun ún ni òkúta yẹn ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Sọ bó ṣe jìnnà tó ní orí kejì, tún sọ ọ́ ní ìkarùn-ún. Má ṣàlàyé.

Lẹ́yìn èyí ni kí fámpáyà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kó sì máa gùn ún bí àtẹ̀gùn, bí Renfield ṣe ti orí eṣinṣin dé ọmọ ológbò. Kó kọ́kọ́ ní kó pa fìtílà ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, kó sọ ilé tí wọn kì í ti ìlẹ̀kùn lẹ́yìn Ìṣáì. Lẹ́yìn náà, kó bá òun jíṣẹ́ fún ẹnìkan. Ìkẹrin, kó sọ pé "wọlé". Ojú tó ń là ni owó iṣẹ́ rẹ̀: ọjọ́ méje fún ti àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta fún ìkejì, alẹ́ kan péré fún ìkẹta. Iṣẹ́ ń wúwo sí i, owó ń dín kù. Nínú èyí tí o kọ, ó kí fámpáyà lókè ojú ewé, ó ti di apànìyàn nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹnu ìlẹ̀kùn gan-an lo ti ṣìnà jù. O ní ó fi irin já àgádágodo. Fámpáyà inú ìwé Stoker ò lè wọ ilé kan fún ìgbà àkọ́kọ́ àfi tí ará ilé bá pè é, Renfield ló sì pè é. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Olè tó ti ìta wá ò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni. Sọ Láwàní di àbúrò ìyá Sáfúrátù, ọmọ tí fámpáyà pa, kó máa gbé yàrá ẹ̀yìn nínú agbo-ilé, kí ọmọ náà máa kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀.

Sáfúrátù náà ńkọ́? Ìlà méjì lo fún un, ó sì kú. Bí a ò bá mọ ẹni tí wọ́n pa, a jẹ́ pé ò ń rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn kí àánú ẹni tó ṣílẹ̀kùn lè ṣe wá. Ojú ewé kan àtààbọ̀ tó fún un: wàrà tó ń dín lọ sí Ọjà Ọba, èyí tó bá fọ́ tó ń tọ́jú fún Láwàní. Kó jẹ́ òun nìkan ló mọ̀ nípa ojú rẹ̀. Lówùúrọ̀, kó tó gbé igbá, kó máa bá a so òwú tó bá já, láìsọ fún ẹnì kankan, láìsọ fún Láwàní pàápàá. Lọ́jọ́ kejì ikú rẹ̀, jẹ́ kí Láwàní jókòó sídìí òfì. Ojú ti là. Kó rí òwú kan tó já kedere. Parí orí náà síbẹ̀.

Yọ ìyá tó kú, bàbá tó ń nà án, ebi àti ọ̀rẹ́ tó dà á, gbogbo èyí tí o rọ́ sínú orí ìkarùn-ún. Ojú tó ń ṣú tó. Yọ ààfáà tó ń kẹ́dùn fún un pẹ̀lú. Tí ẹni inú ìtàn bá ti káàánú rẹ̀ tán, kí ló kù fún òǹkàwé? Ẹni tó máa bú u láìmọ ìdí ni kí o fi rọ́pò rẹ̀.

Kí Láwàní kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó pẹ́ kó tó kọ̀, kó sì jẹ́ nítorí ohun kékeré. Nígbà tí Renfield tún rí Mina, ó ní obìnrin náà dà bíi tíì tí wọ́n tún bomi là, torí Dracula ti ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun tó mú kó di Dracula mú nìyẹn, tí ìyẹn fi gbé e lulẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kán. Fún Láwàní, kó jẹ́ àbúrò Sáfúrátù tó wá jókòó tì í, tó ń wá òwú tó já. Ọgbọ̀n ìlà ìrònúpìwàdà tí o fi sí i lẹ́nu nígbà tó ń kú, gé e. Dókítà Van Helsing ní láti dá ihò sí agbárí Renfield kí Renfield tó lè sọ̀rọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló sì fi èémí yẹn sọ fún wọn, kí wọ́n lè tètè dé ọ̀dọ̀ Mina. Kí Láwàní sọ ilẹ̀kùn tó kàn, kó dákẹ́.

Ohun kan tún kù. Sányán ló wà nídìí òfì ní orí kẹta, ó ti di àlàárì pupa ní ìkarùn-ún. Jẹ́ kó wà ní sányán. Òwú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ojú tó ń ṣú á ṣì lè bá a jà, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní lè fara pamọ́ sára rẹ̀ bí ìgbà tó bá wà lára àlàárì.

Fi orí ìkarùn-ún ránṣẹ́ kí Jímọ̀ tó dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.