Ẹ Wá Bá Wa Fi Kẹ̀kẹ́ Gba Etí Odò Àsà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà àti yíǹkì lásìkò tí gbogbo nǹkan wọ́n yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, èmi àti àwọn aládùúgbò mi kan fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà létí odò Àsà, láti apá Kókà-Kólà lọ sí ìhà Amílẹ́gbẹ́ àti Ọ̀jágbòrò. A kò bá ara wa díje. Ìrìn fàájì ni, ìrìn ẹ̀sọ̀, tí ọmọdé àti àgbà á jọ rìn. Ará Ìlọrin tó bá ní kẹ̀kẹ́ nílé, kó gbé e jáde. Ẹ̀yin náà, mo ní ìdí tí mo fi ń pè yín, ẹ ó kà á níwájú.

Páàtì kẹ̀kẹ́ ni mò ń tà ní Ọjà Tuntun, mo sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Nígbà kan rí, Raleigh ni àgbẹ̀, tíṣà àti akọ̀wé fi ń rìn nílùú yìí. Lónìí, ọ̀kadà àti Márúwá ló gba gbogbo títì. Ẹni tó bá gun ológeere gba ojú ọ̀nà Táíwò lọ́sàn-án gangan, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló gbé lé ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi ń gun kẹ̀kẹ́ yípo inú ọgbà ilé, tí wọ́n ń ti ẹnu géètì dé ẹnu kànga, tí wọ́n á tún padà. Wọn kò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ lè gbé èèyàn dé ibì kan. Etí odò nìkan ló kù tí mọ́tò kò tíì lè lé wa kúrò, ìyẹn ni ọkàn mi ṣe so mọ́ ọn.

Láti gúúsù ni Àsà ti ń ṣàn wá sí àríwá. Ó la Ìlọrin sí méjì, ìlà-oòrùn lọ́tọ̀, ìwọ̀-oòrùn lọ́tọ̀, kó tó lọ dà sínú Awùn, tí Awùn náà fi ń lọ bá Ọya. Ẹ̀bá odò kì í ga jù, nítorí náà ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu náà lè gùn ún. Apá Kókà-Kólà la ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì nídìí. Tó bá di oṣù Kejìlá, ọyẹ́ a ti máa fẹ́ wá láti ìhà àríwá. Bí a bá kọjú sí àríwá ní kùtùkùtù, nígbà tí ara ṣì le, a ó máa wọ inú afẹ́fẹ́ náà lọ. Bí a bá wá ń padà, tó ti rẹ àwọn ọmọ, ẹ̀yìn wa ni yóò ti máa tì wá. Ẹni tó bá ṣe é sódì, òun ni yóò fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ wálé. Oṣù Kẹsàn-án kò ṣeé dán wò rárá, torí Àsà a máa kún bo bèbè, ẹrẹ̀ a sì há sáàárín táyà àti mọ́gáàdì títí wíìlì kò fi ní yí mọ́.

Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ló ni ọ̀nà yẹn ká tó máa sọ tiwa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, ẹ ó rí wọn ní bèbè odò, ní apá Kókà-Kólà, ní Ọ̀jágbòrò, ní Ìsàlẹ̀ Àlùkò, pẹ̀lú ebè tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú. Wọ́n á ki kẹ̀ǹ méjì bọ odò lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n á gbé e gun bèbè, wọ́n á wọ́n ọn sórí ebè, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Ẹsẹ̀ wọn, àti ẹsẹ̀ àwọn ìyá tó ń wá ra ẹ̀fọ́ lọ tà ní Ìpàtà àti Ọjà Ọba, ló la ọ̀nà náà. Katakata kankan kò débẹ̀. Torí náà, bí a bá pàdé ẹni tó ru ẹrù, àwa la ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, a ó yà fún un, a ó sì kí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi táyà tẹ ebè. Mo ti lọ bá àwọn àgbà wọn sọ ọ́, wọ́n sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà wá láàyè.

Dágunró ni ọ̀tá wa lọ́nà. Bí koríko bá ti gbẹ, èso rẹ̀ a jábọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kò tóbi tó ẹ̀wà kan, ṣùgbọ́n bó ti wù kó bọ́ sílẹ̀, ẹ̀gún rẹ̀ kan á kọjú sókè. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò, kó má kánjú lẹ páàṣì. Kó yọ túùbù, kó fẹ́ ẹ, kó rì í sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló lu. Kó fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀, kó fi sọlúṣọ̀n pa á, kó sì ní sùúrù kó gbẹ díẹ̀ kó tó tẹ páàṣì mọ́ ọn. Kó tó wá dá túùbù padà, kó fi ìka yí inú táyà ká pátá, jẹ́jẹ́, torí ẹ̀gún náà ṣì wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ yọ sínú, bí ẹ kò bá sì fà á tu, ojú kan náà ni yóò tún lu kí ẹ tó dé afárá. Èmi yóò gbé póòǹpù, sípánà àti páàṣì dání fún gbogbo wa, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ìyá àti ọmọbìnrin tó ń wọ jálàbíà, ẹ má sọ pé kì í ṣe tiyín. Ẹ wọ ṣòkótò gígùn sábẹ́, ẹ ká etí aṣọ sókè, ẹ fi okùn dè é kí ṣéènì má bàa gbá a mú. Tá a bá dé Ọ̀jágbòrò a ó jókòó jẹ mọ́sà àti wàrà. Omi mímu, ilé ni kí kálukú ti gbé e wá. Ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú odò.

Ó wá kan ohun tó ń dùn mí. Ẹnì kan tó ra ilẹ̀ ní ẹ̀bá odò ti mọ ògiri rẹ̀ wọnú omi. Àwọn ìyá elẹ́fọ̀ọ́ tó bá dé ibẹ̀, wọ́n á ká ìró dé orúnkún, wọ́n á fi ẹrù lórí gba inú omi kọjá, tàbí kí wọ́n padà lọ gba títì. Ní ibòmíràn, pàǹtí ni wọ́n ń dà sí i, ó ti di òkìtì. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún lọ́wọ́ àwọn onílé àti ìjọba ìbílẹ̀ kò ju kí wọ́n fi ibi tí èèyàn méjì lè fi pàdé sílẹ̀ lẹ́bàá omi, ọ̀kan tó ru ẹ̀fọ́, ọ̀kan tó ń ti kẹ̀kẹ́. Bí ọ̀nà yìí bá dí tán, títí láé ni.

Àbúrò mi kan ń gbé ní Maryland ní Amẹ́ríkà, létí odò Potomac ló ti ń gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tó ń gbà gùn tó kìlómítà 297, láti Georgetown ní Washington dé Cumberland. Ìbaaka ni wọ́n là á fún láyé àtijọ́, tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ẹrù lórí omi tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ní 1924, àkúnya omi bà á jẹ́, wọ́n pa á tì. Nígbà tó yá, wọ́n gbèrò láti sọ ọ́ di títì mọ́tò, ìwé ìròyìn Washington Post sì kọ̀wé ti èrò náà lẹ́yìn. Ni William O. Douglas, adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀, bá kọ lẹ́tà sí olóòtú ní oṣù Kìíní 1954. Ó ní kí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà wá bá òun fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà já. Wọ́n gbà. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn wọ́n rìn ín. Ọ̀pọ̀ yà lọ́nà, àwọn mẹ́sàn-án ló rìn ín já, Douglas sì wà lára wọn. Ìwé ìròyìn náà yí ohùn padà, títì náà kò sì wáyé mọ́. Ní 1971, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ̀nà náà di ọgbà ìtàn tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn.

Olóòtú, lẹ́tà tèmi náà nìyí. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín kan sí wa. Bí kò bá ní kẹ̀kẹ́, mo ní èyí tí màá yá a, màá sọ ìjókòó rẹ̀ kalẹ̀ dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ti kírun Àsùbáà tán la ó máa péjọ, a ó sì gbéra kí agogo méje tó lù. Kó wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀, kó sì mú kámẹ́rà dání, torí ibi ògiri yẹn ni mo fẹ́ kó ti kọ́kọ́ ya fọ́tò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Oníkẹ̀kẹ́,
Ọjà Tuntun, Ìlọrin.